Ìka Tó Gba Inú Wáyà Wọlé

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ilé ń pe aránṣọ tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, torí ó tínrín bí ẹni tí atẹ́gùn lè gbé lọ. Eku funfun ló ń sìn. Kì í jẹ wọ́n, kì í tà wọ́n, ó kàn fẹ́ràn wọn ni. Ọmọ eku mẹ́ta ló wà nínú àgò oníwáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni méjì ń lọ. Ẹ̀kẹta, tí etí rẹ̀ kan dúdú, ló kó wàhálà wálé: ó gé ìyá onílé jẹ níka, ẹ̀jẹ̀ sì yọ.

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fún ẹ," ni ìyá onílé wí, ó di ìka mú gírígírí. "Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin, èmi fúnra mi máa tún na ọwọ́ sí i. Tó bá tún gé mi jẹ, ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń sin ejò ló ń lọ. Mo ti bá a sọ ọ́. Ó ní ejò òun ò tíì jẹun láti ọjọ́ mẹ́wàá."

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ eku náà. Láti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, á fi ọṣẹ tí ò lóòórùn fọwọ́, á ṣí ilẹ̀kùn àgò, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sínú ẹ̀. Tí Etí-dúdú bá gé e jẹ, á ké "hìì" fẹ́ẹ́rẹ́, bí ọmọ eku ṣe ń ké tí eré bá le jù. Kò ní fa ọwọ́ yọ. Ọwọ́ tó bá ń sá, eku á rò pé eré ni. Ó wá ń fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ fa ìlà sára ògiri, ìlà kan fún ìgéjẹ kan. Ọjọ́ kìíní, mẹ́fà. Ọjọ́ kejì, mẹ́rin. Ọjọ́ kẹta, mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin, kò sí rárá. Ọjọ́ karùn-ún, márùn-ún!

Ó dá ẹ̀rọ dúró lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó, kò mira. Ó gbọ́ ohùn bàbá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, lẹ́yìn kọ́tìnì, lápá kejì àgò: "Gbà, ọ̀rẹ́ mi. Rọra jẹ ẹ́."

Ó ká kọ́tìnì. Bàbá ń fi ìka ti ẹ̀pà wọlé láàárín wáyà.

"Bàbá! Láti ìgbà wo?"

"Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àná nìkan ni mi ò fún un, mo lọ yẹ ojú wò."

"Ohunkóhun tó bá ti gba wáyà wọlé, oúnjẹ ló pè é. Ibẹ̀ náà ni ìka ìyá onílé gbà! Ó ti wá ń wá ẹ̀pà lára ọwọ́ tèmi náà."

Bàbá wolẹ̀. "Òun nìkan ni kì í sọ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìyàwó."

Abẹ́rẹ́ ò bá a jà. Ó ṣí ilẹ̀kùn àgò, ó fi ẹ̀pà sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá, ó sì darí ọwọ́ náà wọlé. Ọjọ́ méjì péré ló kù.

Lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ò tíì lù tán tí ìyá onílé fi wọlé. Wáyà ló na ìka sí tààrà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mọ́mì, ilẹ̀kùn ni..."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́?"

Etí-dúdú ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró. Ni Bàbá bá dìde.

"Ìyá onílé, èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ẹ̀pà ni ìka tó bá gba wáyà. Tẹ́ ẹ bá gba ibẹ̀, èmi lẹ̀ ń dán wò, kì í ṣe òun."

"Ẹ̀yin? Pẹ̀lú irun funfun yìí?"

"Pẹ̀lú ẹ̀ náà ni."

Ìyá onílé pòṣé, ó fa ìka sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ wọlé. Eku náà rìn wá, ó gbóòórùn ìka, ó la ẹnu, eyín ẹ̀ kan èékánná.

"Ẹ má fà á," Abẹ́rẹ́ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ta ló fẹ́ fà á?" Àmọ́ òógùn ti bo imú ìyá onílé.

Eyín kúrò. Etí-dúdú gun ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó ń nu ojú.

Ìyá onílé mí kanlẹ̀. "Ó lè dúró. Àmọ́ wáyà tó kọjú síbi tí Bàbá ń jókòó sí yẹn, ẹ fi páálí dí i. Màá sọ̀ kalẹ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la."

Abẹ́rẹ́ ti ń wá páálí kó tó sọ̀rọ̀ tán.