Ojú Eyín Lára Wúrà Ìyá Àgbà

Ọjọ́ tí àwọn àna wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé wa ní Ìpọ̀nrí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀ láti Òṣogbo. Ìyá àgbà wa fi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn àtijọ́ rẹ̀ sí mi lọ́rùn; wúrà pẹlẹbẹ kan wà láàárín rẹ̀.

Bí mo ti kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà ọkọ ìyàwó, ó yí ẹ̀yìn wúrà náà síta, ó sì fọwọ́ kan ibi tó tẹ̀ wọnú.

Ó ní, "Eyín mi nìyí. Ọrùn ìyá mi ló wà nígbà tí mo gé e jẹ ní kékeré. Àwọn ológun ló kó òun àti ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ."

Ìyá àgbà wa, tó máa ń sọ fún wa pé ńṣe ni bàbá òun ra ìlẹ̀kẹ̀ náà, wá jókòó tì í.

Ó ní, "Bàbá mi ló kó wọn wálé. Ìyá yín ló pọ̀n mí dàgbà. Àwẹ̀ró ló ń pè mí títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ n kì í jẹ́ Àwẹ̀ró."

Àlejò náà dáhùn pé, "Èmi ni mò ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

A fún wọn ní ìyàwó, a dá ìlẹ̀kẹ̀ padà, ṣùgbọ́n àlejò náà kò bá wọn lọ mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà wa ló ń gbé. Nígbà mìíràn, lọ́sàn-án gangan, àwọn méjèèjì á jọ dáhùn láti inú yàrá pé, "Ìyá, mò ń bọ̀!" Bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò pe Àwẹ̀ró.