Rìsífà Olówó Pọ́ọ́kú Tí Bàbá Hẹ́lò Rà

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Hẹ́lò fi jókòó sídìí tẹlifóònù ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, nínú yàrá kékeré tí wáyà kún ara ògiri rẹ̀, kò sì rí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Àìsàn ló gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Síbẹ̀, bí ọ̀gá kan bá pè láti ilé láàárọ̀ pé ara òun kò yá, kí ọ̀gá náà tó sọ̀rọ̀ tán ni Bàbá Hẹ́lò ti mọ̀ bóyá àìsàn ni tàbí ọ̀lẹ. Kò sí ohùn tó lè purọ́ fún un. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Bàbá Hẹ́lò, orúkọ náà sì bá a délé nígbà tó fẹ̀yìn tì.

Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú ilé oníyàrá mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe káàánú rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ o, nítorí ó lè bú onítọ̀hún. Òun ló ń din ẹyin ara rẹ̀, òun ló ń lọ aṣọ ara rẹ̀, bó bá sì ka ọgọ́fà ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ti dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì nìyẹn. Ohun kan péré ni kò lè dá ṣe: kò lè dá wo fíìmù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà fẹ́ràn fíìmù ju àwọn tó lójú lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún un. Nígbà tó kú, ọmọ gba iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ṣe. Lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ Àìkú, á jókòó lápá òsì bàbá rẹ̀ lórí àga gígùn, á máa sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ó ti wọlé. Ó ń ka lẹ́tà náà. Kò mọ̀ pé èkejì wà lẹ́yìn kọ́tìnì." Bàbá á ní, "Èmi mọ̀! Mo ti ń gbọ́ èémí rẹ̀ látẹ̀ẹ̀kan!"

Ọmọ náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe fún àwọn dókítà eyín, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbi iṣẹ́ náà débi pé ilé ìwòsàn ńlá kan, tó jìn ní ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀, ní kó wá ṣe olórí ibi tí wọ́n ti ń ṣe eyín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é, ó kọ̀, kò sì sọ fún bàbá rẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà kejì dé, ọmọ náà fúnra rẹ̀ kà á sókè fún un. Wọ́n fún un títí di òpin oṣù láti fèsì.

"Lọ," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀."

"Mi ò fi í sílẹ̀. Kí ni mi ò lè dá ṣe nínú ilé yìí? Dárúkọ ẹyọ kan."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn fi ń wá ọ̀nà sá lọ. "Fíìmù ńkọ́? Ta ni á máa sọ fíìmù fún yín?"

Ó fi ṣe àwàdà ni o. Ṣùgbọ́n Bàbá Hẹ́lò kò gbọ́ ọ bí àwàdà. Ó ti pẹ́ tó ti ń bà á lọ́kàn jẹ́ pé ọmọ òun ń dàgbà lórí àga gígùn yẹn, apá òsì òun ló ń lo ìgbésí ayé rẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ fíìmù nìkan ló kù, òun á wá nǹkan ṣe sí fíìmù.

Ó sì mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nígbà kan, ọ̀rẹ́ yẹn ní hóòmù tíátà: sípíkà kan láàárín iwájú, tí ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ń gbà jáde, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì lẹ́yìn, àti rìsífà, àpótí dúdú tó ń pín ohùn fún gbogbo wọn. Bí fíìmù ṣe ń lọ, ilẹ̀kùn kan ṣí lẹ́yìn Bàbá Hẹ́lò, ó yíjú padà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o." Inú fíìmù ni ilẹ̀kùn ọ̀hún wà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rín, ó ń ronú pé pẹ̀lú irú nǹkan yìí, èèyàn lè mọ ibi tí olúkúlùkù dúró sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wí fún un.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó ìfẹ̀yìntì Bàbá Hẹ́lò kò lè pa irú ọbẹ̀ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, èyí tó pọ́ọ́kú jù ní ìsọ̀ ló rà. Ìyà tó jẹ láti ọjọ́ náà, mi ò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì ara ẹ̀rọ náà rí pẹlẹbẹ, gbogbo wọn dọ́gba bí eyín ọmọdé, ìka kò lè mọ èyí tó jẹ́ kí ni. Gbogbo ètò rẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n ló ń kọ ọ́ sí, bíi pé wọ́n bura pé ẹni tí kò ríran kò gbọdọ̀ gbádùn ohùn. Ó kán ìda àbẹ́là sórí bọ́tìnì mẹ́ta lára rìmóòtù kó lè máa fọwọ́ mọ̀ wọ́n. Bí iná bá lọ tó sì dé, ẹ̀rọ náà á ti gbàgbé ohun gbogbo tí wọ́n kọ́ ọ. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, á gbóná, á ṣe kẹ́, á kú. Sípíkà ẹ̀yìn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Kò sì lè ké sí ọmọ rẹ̀. Bó bá ti ní, "Wá bá mi wo ohun tó kọ sójú tẹlifíṣọ̀n," ẹjọ́ ti tán, ó jẹ̀bi. Oníṣẹ́ rédíò tó wà ládùúgbò ló ń pè nígbà tí ọmọ bá ti lọ síbi iṣẹ́.

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí ò burú o," ni oníṣẹ́ rédíò wí. "Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sára páálí rẹ̀ ló burú."

"Ṣé á gbé fíìmù kan já láìkú?"

"Ẹ máa gbàdúrà, ẹ sì ṣílẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i."

Nígbà tí oṣù ku ọ̀sẹ̀ kan kó parí, Bàbá Hẹ́lò ní òun ti ṣe tán. Ọmọ náà mú fíìmù kan wá, èyí tó ti wò nílé ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àdéhùn wọn kò lọ́jú pọ̀. Òun á jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bàbá á dá wò ó, bí òun bá dé, bàbá á sọ fíìmù náà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá sọ ọ́ bó ṣe rí, òun á lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò ní dárúkọ lẹ́tà yẹn mọ́ láé.

Orin bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó rọ̀ dáadáa, orí rẹ̀ wú. Ọkùnrin kan ní, "Dúró!" Lẹ́yìn náà ni rìsífà ṣe kẹ́, sípíkà àárín sì dákẹ́. Òjò ṣì ń rọ̀, ẹsẹ̀ ṣì ń rìn, ṣùgbọ́n ohùn èèyàn ti tán pátápátá. Ó tẹ bọ́tìnì, ó pa á, ó tún tàn án. Ó fọwọ́ pa ara ẹ̀rọ náà, ó gbóná. Ó gbá a lórí. Kò sí ohùn. Ọjọ́ Àìkú sì ni, oníṣẹ́ rédíò kò ṣí ìsọ̀.

Ó jókòó. Kí ló tún kù? Ó gbọ́ omi, ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ó gbọ́ bàtà èèyàn méjì lórí pákó. Ohun kan já sínú omi. Orin tó tẹ̀ lé e gùn, ó sì dùn ún débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá orin ló ń pa á lẹ́kún tàbí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ dé, kò tilẹ̀ jẹ́ kó bọ́ bàtà. Ó ní, "Jókòó, kí n sọ ọ́." Ó sọ ọ́. Bàbá kan wà létí omi, ó ní ọmọbìnrin kan. Ọkọ̀ ojú omi fẹ́ gbé ọmọ náà lọ sí ibi tó dára, ọmọ kò fẹ́ lọ. Bàbá rìn sẹ́yìn, ó rìn síwájú lórí pákó. Ó pariwo pé "Dúró!" nítorí ọmọ fẹ́ sá padà wálé nínú òjò. Ó gbé e sínú ọkọ̀, ọmọ ń sunkún. Bàbá yọ fìlà rẹ̀, ó jù ú sínú omi, kí ọmọ náà lè rí nǹkan wò títí ọkọ̀ á fi jìnnà. Bó ṣe ń sọ ọ́, ìtàn náà ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀rù sì ń bà á.

Ọmọ náà wá bọ́ bàtà.

"Ọmọ yẹn ńkọ́, Bàbá? Ṣé ó padà wálé?"

Ó rò pé ìdánwò ni. "Ó padà. Ọdọọdún ló ń padà."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," ni ọmọ náà wí. "Ẹ ò fi nǹkan kan sílẹ̀."

Ohùn rẹ̀ ki. Bàbá Hẹ́lò rò pé òtútù ló mú un lọ́nà. Ó gbọ́ tó wọ yàrá, ó gbọ́ tó fa àga sídìí tábìlì láti kọ èsì lẹ́tà. Inú rẹ̀ dùn, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Bàbá Hẹ́lò kò rí ogún ọdún lò. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé ni oníṣẹ́ rédíò wá, ó rí wáyà tó ti bọ́, ó fún un mọ́lẹ̀, ó sì fi fíìmù kan náà dán an wò. Olè méjì ni. Wọ́n jí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa wà á, ọ̀kan já sómi, fíìmù parí. Kò sí bàbá níbẹ̀, kò sí ọmọ, kò sí fìlà.

"Ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, Bàbá," ni oníṣẹ́ rédíò wí, inú rẹ̀ ń dùn.

Bàbá Hẹ́lò fọwọ́ wá àga, ó jókòó. Òun tí ọ̀gá mẹ́rìnlá kò rí tàn jẹ, ọmọ òun ti tan òun jẹ, òun sì pe ohùn rẹ̀ ní òtútù.

Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà títí ọmọ fi ti ibi iṣẹ́ dé.

"Ìyá mi, kò sí ọmọ kankan nínú fíìmù yẹn."

Ó gbọ́ tí báàgì kan ilẹ̀.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò já mi nírọ́?"

"Ẹ dá jókòó, ẹ wá irọ́ tó gùn tó báyẹn nítorí mi. Mo wá rí i pé bí mo bá dúró, ara yín lẹ ò ní dárí jì." Ó fa imú. "Mo ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́."

Bàbá Hẹ́lò fẹ́ fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, kò rí ẹ̀rín. "Mi ò fẹ́ kí o lọ o," ó ní. "Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò fẹ́. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ ojú mi ló máa dè ọ́ mọ́lẹ̀ ni."

Ọmọ náà dì mọ́ ọn níbi tó dúró sí, wọ́n sì sunkún, kò sí ẹni tó parọ́ fún ẹnì kejì pé òun kò sunkún. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì ló lọ. Bàbá Hẹ́lò ló gbé àpótí rẹ̀ láti inú yàrá dé ìdí ọkọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.