Pápá Tí A Fi Orí Rù

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, tìpá kan da yanrìn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa. Ẹ mọ bí yanrìn tútù ṣe máa ń ṣe tó bá ń bọ́ lẹ́yìn tìpá: á kọ́kọ́ máa rọra yọ̀ bí ẹni tó ṣì ń ronú, lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹ̀ á dà wììì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ àbúrò mi sáré jáde lọ wò ó. Èmi ò sáré. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti dé àtàrí mi, ó ń wá òṣùká. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti gbé òṣùká lérí kẹ́yìn, ṣùgbọ́n orí ò mọ kàlẹ́ńdà. Ọmọ náà wọlé, ó ní, “Ọ́ńkù, ṣé orí ń fọ́ yín ni?” Mo ní rárá o, bọ́ọ̀lù ni. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ lọ pe ìyá ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé ṣàlàyé lórí ìdúró, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ní àárín àwọn ọdún 1980, Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, lẹ́yìn ọjà Boundary, níbi tí ilé ti tán tí àbàtà bẹ̀rẹ̀. Àbàtà náà gbòòrò. Koríko inú ẹ̀ ga ju èèyàn lọ, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ sì máa ń kọrin pa pọ̀ ju ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Ó ní òórùn tirẹ̀ tí àlejò máa ń gbọ́, ṣùgbọ́n imú àwa ti gbà á lálejò, ó ti di ará ilé. Ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà, ojú títì ni, láàárín àwọn tó ń ta tòmátò àti àwọn tó ń pe èrò sí ọkọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sínú tòmátò, eré parí nìyẹn. Ìyá onítòmátò á mú ọ̀bẹ, àwa á mú eré. Nínú oṣù kan, a lè sin bọ́ọ̀lù mẹ́ta.

Bọ̀dá Káyọ̀dé ló kó wa kúrò lójú títì. Akọ̀wé ni wọ́n ní wọ́ọ̀fù Àpápá, àwọn ló máa ń ka ẹrù bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun. Àwọn náà ló ń kọ́ wa ní Sọ́ńdè Sùkúù. Kánfáàsì funfun ni wọ́n máa ń wọ̀, nínú Ajégúnlẹ̀, lásìkò òjò, kì í sì í dọ̀tí. Òun ló jẹ́ kí n gbà pé èèyàn Ọlọ́run ni wọ́n.

Lọ́jọ́ kan wọ́n mú bọ́ọ̀lù awọ gidi kan bọ̀ láti wọ́ọ̀fù, àti ìwé pẹlẹbẹ kan tí etí ẹ̀ ti ká. Wọ́n ní atukọ̀ òyìnbó kan ló fún àwọn, ọmọ Wéèsì. Wéèsì, wọ́n ní, fara ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí Ajégúnlẹ̀ ṣe fara ti Àpápá: ọ̀kan ní títì, èkejì ní ọmọ. Ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú atukọ̀ náà ló wà nínú ìwé ọ̀hún. Orúkọ ìlú náà gùn débi pé Bọ̀dá Káyọ̀dé, tó ń ka orúkọ ọkọ̀ láti gbogbo ayé, gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá pa á tì. “Ìlú Yẹn” la wá ń pè é.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ka ojú ewé kan fún wa, wọ́n á máa sọ ọ́ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe ń kà á. Àwọn ọkùnrin Ìlú Yẹn, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa èédú. Àárín òkè méjì ni ìlú náà wà, kò síbi tó tẹ́jú tó ẹní. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tó bá kọjú sí ìsàlẹ̀ á gbá mẹ́fà wọlé, á sì máa bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má pààrọ̀ ojú ilé. Ó wá sú wọn. Bí wọ́n bá ti jáde lábẹ́ ilẹ̀ nírọ̀lẹ́, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n á máa fi kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ ti òkúta tí wọ́n hú dànù, wọ́n fi ń kún àfonífojì kan. Ọdún gorí ọdún títí ó fi tẹ́jú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, àlejò jẹ wọ́n ní méje sí òdo, wọ́n sì jó wálé. A fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an. Èmi fẹ́ràn gólì wọn jù, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, tó máa ń dé pápá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

Bọ̀dá Káyọ̀dé á wá pa ìwé dé. “Ta ló kún pápá wọn fún wọn?”

“Àwọn fúnra wọn!”

“Ta ló máa kún tiwa?”

“Àwa fúnra wa!”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kún àbàtà nìyẹn. Etí ọ̀sà la ti ń bu yanrìn, ìrìn náà sì tó kí ọrùn èèyàn wọ inú èjìká. Ogún páànù yanrìn lọ́jọ́ Sátidé ni owó ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá rù ú kò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù awọ. A sọ ẹgbẹ́ náà ní Pótópótó Rófàsì. Pótópótó, gbogbo ayé rí i lẹ́sẹ̀ wa. Rófàsì, orúkọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí a gbọ́ lórí rédíò ni.

Gólì ni mí. Mo yan iṣẹ́ gólì nítorí mi ò fẹ́ràn eré sísá, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù náà á máa wá bá mi níbi tí mo bá dúró sí. Bó bá ti ń bọ̀, ojú mi á pa dé fúnra ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ nípa ojú yìí ò ju ẹnì kan lọ, Tárí, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìjọ̀, tó ń gbá iwájú. Apẹja ni bàbá ẹ̀. Tárí lè gbá bọ́ọ̀lù gba ojú abẹ́rẹ́, ó sì mọ ìwé jù mí lọ, èyí tí kò ṣòro. Kò tú àṣírí ojú mi rí. Ó kàn máa ń sọ fún àwọn tó ń dúró níwájú mi pé, “Make una no let ball reach am o, the man dey pray.”

Nígbà tí àbàtà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán, Bọ̀dá Káyọ̀dé mú ọkùnrin méjì wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan. Wọ́n wo inú ẹ̀ títí, wọ́n wá ri òpó kọnkéré kúkúrú mẹ́rin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A pàtẹ́wọ́. Àṣé Bọ̀dá tún ro ti kọ́nà mọ́ ọn fún wa! Láti ìdí òpó yẹn la ti ń gbá kọ́nà. A fi ẹfun kùn wọ́n pàápàá, kí wọ́n lè máa tàn.

Tárí ló kọ́kọ́ lóṣòó wò ó. “This one no be corner flag o. You don see corner flag wey carry number?” Mo ní ó lè jẹ́ ti òyìnbó.

Ọjọ́ tí òjò lé wa níbi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wá hàn. Bọ̀dá ní kí èmi àti Tárí bá àwọn gbé báàgì lọ sílé. A yà sábẹ́ páànù ìsọ̀ kan, ìwé Ìlú Yẹn sì wà lókè báàgì. Tárí ṣí ibi tí wọ́n kà fún wa ní Sátidé tó ṣáájú, ibi méje sí òdo. Ó kà á, ó tún un kà. Ó wá sọ ọ́ fún mi. Ó ní lẹ́yìn ayò méje yẹn, ìwé náà ní gbogbo ìlú pàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi pápá náà sórúkọ gbogbo ará ìlú, kí ẹnikẹ́ni má lè tà á, kí ẹnikẹ́ni má lè kọ́lé lé e. Odidi ojú ewé kan. Bọ̀dá Káyọ̀dé ò kà á. Láti orí ayò méje, wọ́n fò sórí oníbúrẹ́dì.

“Bóyá ewé náà lẹ̀ mọ́ra ni,” ni mo wí.

Tárí wò mí. Ó ní kí n bi wọ́n ní Sátidé, lójú gbogbo ẹgbẹ́, orúkọ ta ló wà lórí ìwé pápá tiwa. Ó ní èmi ló yẹ, Yorùbá bíi tiwọn ni mí, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni ìyá mi ń lọ. Bí òun bá bèèrè, wọ́n á ní òun ń fọ́ ẹgbẹ́. Mo ṣèlérí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba àyà. Lóru mẹ́ta ni mo fi kọ́ ìbéèrè náà sórí bí ẹsẹ Bíbélì.

Sátidé dé. A ru tiwa tán, a jókòó sórí yanrìn. Bọ̀dá Káyọ̀dé ní ta ló ní ìbéèrè. Mo dìde. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín rere, wọ́n ní, “Gólì, sọ̀rọ̀, má bẹ̀rù.” Kò sí ohun tó ń dẹ́rù bani bí kí àgbà ní kí o má bẹ̀rù. Mo la ẹnu, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lóòótọ́ ni pé yìnyín máa ń bọ́ sórí pápá wọn?”

Wọ́n dáhùn ẹ̀ dáadáa. Ìdáhùn náà gùn. Mo ń mi orí.

Ìgbà tó tán ni Tárí dìde fúnra ẹ̀. “Bros, abeg. Our own field, whose name dey the paper?”

Bọ̀dá Káyọ̀dé ò bínú. Wọ́n kàn fọwọ́ gbọn yanrìn kúrò lára kánfáàsì wọn. “Ẹ rí i, ẹ̀yin ọmọ mi? Èmi ń kó wa jọ, ẹnì kan ń tú wa ká.” Wọ́n wá kọjú sí mi. “Gólì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa ń rìn. Ṣé o mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí?”

Mo ní, “Rárá, sà.”

Mo ti ru yanrìn, mo ti ru bíríkì, mo ti ru òkú bàbá mi lọ sílé. Gbólóhùn yẹn wúwo jù wọ́n lọ. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé Tárí lórí, “Ọ̀dàlẹ̀! Ọ̀dàlẹ̀!” Mo rò pé mo bá wọn hó díẹ̀. Tárí gbé páànù ẹ̀, ó fi òṣùká ẹ̀ sílẹ̀, ó lọ. Kò pẹ́ tí bàbá ẹ̀ fi kó wọn sọdá sí Snake Island, níbi tí ẹja ṣì wà.

Pápá náà kún. A gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin níbẹ̀. Wọ́n jẹ wá ní márùn-ún nínú àkọ́kọ́, a sì jó wálé bíi ti Ìlú Yẹn. Ní Sátidé karùn-ún, a bá búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Bíríkìlà kan ti na okùn láti òpó kọ́nà wa kan sí èkejì, àṣé òpó ààlà ilẹ̀ ni wọ́n, okùn náà sì gba iwájú ojú ilé bọ́ọ̀lù tí mo ń ṣọ́ kọjá, níbi tí mo ti máa ń dúró gbàdúrà. Bọ̀dá Káyọ̀dé wà láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù náà. “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á san án fún yín.”

Àwọn òbí kan lọ bá wọn. Ìyá mi wà níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó bọ́ gèlè ẹ̀, ó jókòó. “Ó ní ìwé. Orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó ru páànù àkọ́kọ́. Ó ní òun ò fi ipá mú ọmọ ẹnikẹ́ni.” Ó ká gèlè náà lé itan. “Ó ní kí n kí ẹ, pé ọmọ tó ń gbọ́ràn ni ẹ́.”

Ó yẹ kí n parí ẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ lè ṣàánú mi. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún 1990, mo gbéyàwó, mo ń wá yàrá kiri. Mo wá a dé Ìjọra Badia, ojú irin ò jẹ́ kí ìyàwó mi sùn. Ibi tí a ti wá rí yàrá, inú ilé tí Bọ̀dá Káyọ̀dé kọ́ sórí pápá wa ni. Ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Bí mo bá na bẹ́ẹ̀dì mi dáadáa, ojú ilé tí mo ń ṣọ́ gan-an ni mo ń sùn sí. Bí oṣù bá parí, èmi náà á dọ̀bálẹ̀ fún lánlọ́ọ̀dù, wọ́n á ní, “Gólì mi!” inú mi á sì dùn, Ọlọ́run má bínú.

Tárí wá mi rí níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan. Wẹ́dà ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ òkun ṣe ní Snake Island, apá ẹ̀ ti tó méjì tèmi. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri, ó wọn ọ́n lójú. “Na for inside eighteen you dey sleep,” ló wí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wọlé. Mo gbé àga jáde, mo ra mínírà. A ń sọ̀rọ̀ ọmọ, a ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ yanrìn.

Bọ̀dá Káyọ̀dé yọjú láti òkè. “Gólì, ta ni àlejò ẹ?”

“Ọ̀rẹ́ mi kan ni, sà.”

Tárí gbé ìgò sílẹ̀. “One friend,” ló wí, jẹ́jẹ́. Ó dìde, ó gbójú sókè. “Bros, na Tárí. I dey greet una.”

Bàbá náà wò ó títí. Mo ń retí kí ojú wọn yí padà, kí ìtìjú hàn níbẹ̀, ó kéré tán kí wọ́n bínú. “Tárí wo?” ni wọ́n wí. Wọn ò díbọ́n. Wọ́n ti gbàgbé. Wọ́n kí i bí èèyàn ṣe ń kí àlejò, wọ́n wọlé lọ jẹun. Tárí gbọn ìdí ṣòkòtò ẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ sí etí omi. Mi ò tíì rí i láti ọjọ́ náà.

Bàbá náà ti kú. Àwọn ọmọ wọn ló ń gba owó ilé báyìí. Kò sí àbàtà mọ́, kò sí ọ̀pọ̀lọ́, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò sì tún ti padà sójú títì, òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, tí ìyá onítòmátò mìíràn ń lé wọn. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n máa ń ní kí n wá ṣe rẹfirí. Mo máa ń ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á ń retí kí n sọ pé ilé náà wó. Èmi náà retí ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òjò, omi máa ń wọ ilé òsì, ó máa ń wọ ilé ọ̀tún, àwọn ilé olówó méjì ní òpin àdúgbò ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilé yẹn dúró gbọnyin. Ògiri ẹ̀ ò sán. Ẹ̀ẹ̀kan, kí lánlọ́ọ̀dù tó kú, wọ́n mú ẹnjiníà kan wá wò ó, ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó mi orí, ó ní àwọn lébìrà tó kún ilẹ̀ yìí ò rẹ́ ẹ jẹ rárá.

Èmi ni mo mú omi tútù wá fún un. Mo ní ẹ ṣé, sà.