Òdòdó Mẹ́jọ fún Màmá Juliana

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Sista Ẹ̀hìndé, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé obìnrin náà kì í ra ohun kan ṣoṣo. Bó bá ra búrẹ́dì, méjì ni. Bó bá mú ọsàn lọ kí aláìsàn, mẹ́rin ni tàbí mẹ́fà, kò ní jẹ́ márùn-ún láéláé. Ìbejì ni. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré ní Òkè-Pàdí n'Ìbàdàn, ìyá wọn ò jẹ́ ra aṣọ fún ọ̀kan kó má ra irú rẹ̀ fún èkejì, torí Táyé á fi ẹkún fa ilé ya. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí. Táyé ń ta sìmẹ́ǹtì n'Ìbàdàn, Ẹ̀hìndé di sista ìjọ Kátólíìkì, ó ń gbé ní Crumpsall, àdúgbò kan ní Manchester nílùú Òyìnbó, síbẹ̀ méjìméjì náà ṣì ni.

Bó ṣe dé àárín àwọn ará Pólàǹdì ò le rárá. Nọ́ọ̀sì ni kó tó wọ ilé àwọn sista. Nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ pé ó ti rẹ sista ará Pólàǹdì tó ń bẹ àwọn arúgbó ìlú rẹ̀ wò ní Manchester, wọ́n ní kí Ẹ̀hìndé lọ ràn án lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Sista ará Pólàǹdì náà padà sílé, kò sì sẹ́ni tó rántí pe Ẹ̀hìndé padà. Ọdún kọkànlá rèé. Kíṣìnì ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ èdè wọn, nídìí pòtétò bíbó, láàárín àwọn ìyá tí ẹnu wọn kì í sinmi. Ohùn Ìbàdàn ló fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ọ. Bí Fúnmi tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Crumpsall bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, Sista. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ Polish díẹ̀ ká gbọ́. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń bú wa, àbí?"

Nínú gbogbo àwọn arúgbó tó ń tọ́jú, Màmá Juliana ní Broughton ló lágídí jù. Opó ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Kánádà. Awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, ó sì ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́ lórí fóònù pé bí ìyá òun ò bá ríran, ilé àwọn arúgbó ló kàn. Iṣẹ́ abẹ ló lè gbà á sílẹ̀, ẹ̀rù ọ̀bẹ sì ń bà á. Láti ìgbà òtútù ni Sista ti ń bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà, wọ́n sì pẹ́ gan-an lórí ìlà kí dókítà tó dá ọjọ́ fún wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ku ọ̀la, Sista Ẹ̀hìndé sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú òdòdó túlípì mẹ́jọ. Àwọn ará Pólàǹdì fẹ́ràn òdòdó, ìyẹn ti yé e tipẹ́. Tẹ́lẹ̀, obìnrin tó máa ń wá tún ilé ṣe ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ yìí, Màmá Juliana fúnra rẹ̀ ló gbà á. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ rósárì. Ẹ̀rín parẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un kà.

"Mẹ́jọ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mẹ́jọ gbáko."

Màmá Juliana gbé òdòdó sórí tábìlì, ó jókòó, ó ní òun ò lọ mọ́.

Sista rò pé àwàdà ni.

"Àwàdà kẹ̀? Òkú là ń fún ní òdòdó tó bá pé méjìméjì. Ti alààyè, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku ọ̀kan. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ fọ̀bẹ kàn mí lójú, òdòdó sàréè lo wá gbé fún mi lónìí!"

"Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ̀kan dànù, Màmá."

"Ó ti dé ọwọ́ mi. Èyí tá a bá dànù tún burú jù."

Sista gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó lọ bá Dorota, obìnrin tó ń tún pẹpẹ ṣe, ó ro ẹjọ́ fún un. Dorota ò rẹ́rìn-ín. Ojú tì í.

"Sista, ẹ má bínú. Gbogbo wa la mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Bẹ́ ẹ bá ti fún ẹnikẹ́ni lódòdó, onítọ̀hún á yọ ọ̀kan, á gbé e síwájú ère Ìyá Màríà. A ò fẹ́ dójú tì yín ni."

Ẹ wá wo nǹkan! Láti ọdún mọ́kànlá wá ni Sista ti ń rí òdòdó kọ̀ọ̀kan níwájú ère náà, tó ń sọ fún Fádà pé olùfọkànsìn kan wà nínú ìjọ yìí tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun. Ó tiẹ̀ ń gbàdúrà fún onítọ̀hún. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó sì rẹ́rìn-ín tán, ó dùn ún. Àlejò ni wọ́n ṣì ń fi í ṣe. Nínú gbogbo wọn, Màmá Juliana nìkan ló sọ ọ́ kò ó lójú.

Ló bá padà sí Broughton. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, bí ọmọ tó ń bẹ ìyá rẹ̀.

"Dìde! Ọlọ́run nìkan là ń kúnlẹ̀ fún."

"Nílé tiwa, a ń kúnlẹ̀ fún ìyá náà." Ó ṣàlàyé fún un pé ìbejì lòun, pé èkejì òun wà láàyè n'Ìbàdàn, ìdí nìyí tóun fi ń ra nǹkan ní méjìméjì. Màmá Juliana ní irọ́ ni. Ni Sista bá pe Táyé, ó ṣí ohùn fóònù síta.

"Ẹ̀hìndé, kí ló tún dé? Mo ní customer níwájú o!"

"Kàn bá mi kí Màmá yìí jàre."

"Màmá wo? Òyìnbó? Ẹ káàsán mà! Good afternoon, ma! Ẹ̀hìndé, ṣó o ti jẹun?"

"Ìwọ ńkọ́, ṣó o ti lo oògùn rẹ?"

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí oògùn. Ohùn kan ṣoṣo ni Màmá Juliana ń gbọ́, tó ń bá ara rẹ̀ jà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àwọn méjèèjì wà láàyè?"

"Méjì la wá sáyé, Màmá, méjì náà la ṣì wà."

Ìyá fa òdòdó kan yọ, ó táràrà wá ọwọ́ Sista, ó fi í sí i. "Ọ̀kan tìrẹ, méje tèmi. Kò sí òkú nínú wa. Ìgbà wo ni táksì ń bọ̀ lọ́la?"

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, Sista fọwọ́, ó sì ṣí ohun tí wọ́n fi bo ojú náà. Màmá Juliana ṣẹ́jú. Ó wo fèrèsé, ó ní kọ́tìnì òun dọ̀tí. Ó wá yíjú sí Sista, ó tẹjú mọ́ ọn títí.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni ìyá ti ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, torí ẹ̀rín rẹ̀, torí bó ṣe ń sáré gun àtẹ̀gùn. Ó wá rí ewú tó yọ lábẹ́ ìbòrí, ó rí ojú tó ti hunjọ, ó rí oríkèé ìka tó wú.

"Ìwọ náà ti dàgbà."

"Mo ti lé lọ́gọ́ta, Màmá."

"Mo sì ń jẹ́ kó o máa ru pòtétò mi gòkè!" Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ta ló ń tọ́jú ìwọ?"

Kò sẹ́ni tó bi Sista bẹ́ẹ̀ rí ní Manchester. Màmá Juliana ò dúró gbèsì. Ó dìde, ó fi Sista jókòó sórí àga tirẹ̀, ó sì gba kíṣìnì lọ láìdi nǹkan kan mú. Sista jókòó, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ìyá ṣe ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó ń wá ṣúgà.