Ilà Tí Mo Fà Gba Orí Sàréè

"Màdáámú, bàbá kan ti jókòó síbi tí a fẹ́ gbẹ́. Wọ́n ní àfi ká gbẹ́ àwọn mọ́ ọn."

Ràfíù, fọ́máànù àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ fún wa, ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo wà ní ọ́fíìsì wa l'Ọ̀yọ́, níbi tí èmi nìkan ti ń ya ọ̀nà tí okùn fáíbà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì máa gbà. Èyí tí wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́ máa ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìkòyí-Ilé. Wọ́n ń retí rẹ̀ níbẹ̀ gan-an: bí àwọn olùkọ́ wọn bá fẹ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Iṣẹ́ àdáṣe ni iṣẹ́ mi. Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ káàárọ̀". Àmọ́ Alhaji tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi: "Ṣadé, kọ̀ǹpútà ò lẹ́sẹ̀. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn ín kó o tó yà á." Ti Ìkòyí yìí, mi ò rìn ín. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè ni mo wò. Igbó ni mo rí, mo sì fa ilà mi gba ibẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, igi máńgòrò ni mo bá, sàréè kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá tí Ràfíù wí, Bàbá Àkànmú, jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n wú ìyàwó mi?"

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, sà. Ó yẹ kí n wá wò ó, mi ò wá. Ẹ̀bi mi ni."

Bàbá ò retí pé màá jẹ́wọ́. Wọ́n gbé ọ̀pá sílẹ̀.

Ràfíù ní kò le, ká kàn ṣẹ́ kọ́nà síwájú sàréè, ká tún ṣẹ́ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní rárá. Fọ́nrán gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí ló wà nínú okùn wa. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ wa gba inú rẹ̀. Bó bá kan ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ á dá a padà sínú, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí tó fi máa délé. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣẹ́ okùn náà jù, ìmọ́lẹ̀ á jò dànù níbẹ̀. Ńṣe là ń yí i díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ̀ àjàgbé ṣe ń yí.

"Ibo la ti máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí?"

Mo nawọ́ sẹ́yìn, síbi tí wọ́n ti gbẹ́ kọjá níjẹta.

"Ká dí gbogbo èyí tí a ti gbẹ́, màdáámú?"

"Ẹ dí i. Èmi ni mo ṣì í yà, èmi ni màá sọ fún ọ̀gá."

Ọ̀gá bínú. Wọ́n ní bí èyí ò bá ṣiṣẹ́, mi ò ní ya ilà kankan fún àwọn mọ́.

Bàbá dìde, wọ́n bá mi rìn yí ibẹ̀ ká. Wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ka síbi tí àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀, síbi tí omi ń dúró sí lásìkò òjò. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi wọn ilẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ju ti oṣù mẹ́ta lọ.

Nígbà tí wọ́n ti ri okùn mọ́lẹ̀ tán, lọ́jọ́ tí a fẹ́ dán an wò, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá ẹ̀rọ wa nítòsí Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ta ìmọ́lẹ̀ sínú okùn, tó sì ń fi ilà hàn lójú rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń jò, ilà á já wálẹ̀. Mo wo ibi tí a ti yí. Ilà náà kọjá gbọọrọ, kò já.

"Ó ti kọjá o!" Ògiri nìkan ló gbọ́. Mo mú fóònù, mo ti wá nọ́ńbà ọkọ mi jáde kí n tó rántí.

Mo jáde, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìkòyí-Ilé. Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wọn.

"Bàbá, ìmọ́lẹ̀ náà ti kọjá."

"Níbo? Mi ò rí nǹkan kan."

"Ojú ò lè rí i, sà."

"O wá gun ọ̀kadà láti Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oòrùn yìí, láti wá sọ ohun tí mi ò lè rí fún mi?"

"Mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún ni, sà."

Bàbá sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fọwọ́ nu àyè tó ṣí sílẹ̀.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀."