Àjẹkù Inú Ẹ̀rọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Adédiwúrà jẹ́, ẹ wo bó ṣe ń fọ ife: ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ife ọ̀hún tilẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fi ẹ̀rọ yẹ òògùn wò nínú yàrá kan lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní Ìkòsì. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà a fa òògùn díẹ̀, ẹ̀rọ a yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀ a sì yọ bí òkè sójú kọ̀ǹpútà.

Òfin iṣẹ́ ni pé lẹ́yìn òògùn tó bá lágbára, kí wọ́n fi omi ìfọ̀ lásán gba inú ẹ̀rọ kọjá, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí àjẹkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná kì í dúró. Ọ̀gá Reuben tó ni ilé iṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ ti tó. Adédiwúrà mọ̀ pé kò tó, ó sì panu mọ́.

Nínú oṣù kejì ni Àbúdù, ọmọ Ṣakí tó ń ta àgbo ara ríro ní Kétu, gbé ìgò kan wá fún àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ rí òògùn òyìnbó nínú àgbo rẹ̀.

"Ẹnìkan ti lọ tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn," Adédiwúrà wí, ó sì fọwọ́ síwèé. Àbúdù ò jiyàn. Ó ká ìwé náà sápò, ó lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, iná dúró títí di ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ kan. Adédiwúrà bá fi omi lásán gba inú ẹ̀rọ lẹ́yìn tábúlẹ́ẹ̀tì ara ríro kan. Òkè kékeré kan yọ níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà. Ó pààrọ̀ omi ìfọ̀, òkè ò lọ. Ó pààrọ̀ ìgò, ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́, pàbó. Ìgbà tó tú ibi tí abẹ́rẹ́ ń da òògùn sí ló tó rí i: rọ́bà ibẹ̀ ti ha, ojú híha náà tín-ín-rín bí irun, àjẹkù òògùn sì ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ó fi tuntun sí i, ojú kọ̀ǹpútà tẹ́jú.

Inú rẹ̀ ò dùn. Ó ṣí ìwé oṣù kejì. Ẹ̀yìn tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti yẹ àgbo Àbúdù wò. Ìyókù rẹ̀ ṣì wà nínú fíríìjì, ó tún un yẹ̀ wò. Ewé àti egbò nìkan ni. Tábúlẹ́ẹ̀tì ò sí níbẹ̀ rárá.

"Mo gbé," ó wí.

"Dìwúrà, abeg, ta ló bi ẹ́?" Ọ̀gá Reuben jágbe nígbà tó gbọ́. "Ṣé o fẹ́ kí gbogbo customer wa máa gbé result padà ni?"

Adédiwúrà mọ̀ pé ẹyin lohùn, àmọ́ ó mú ìwé èsì tuntun, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kétu. Àbúdù nìkan ló bá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ka ìwé náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àpínkẹ́ ìyàwó mi ló ń sè é, Aunty. Mo ní òun ló da tábúlẹ́ẹ̀tì sí i. Ó gbé Kùránì, ó búra. Mo ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Mo lé e. Ó mú Faridah ọmọ wa, ó padà sí Ṣakí. Kì í gbé fóònù mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiyín pè é."

Adédiwúrà pè é. Ó sọ ti rọ́bà, ó sọ ti àjẹkù, ó sọ ti ẹnu tí òun fúnra òun pa mọ́. Omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Aunty," Àpínkẹ́ wí. "Mi ò bínú sí ẹ̀rọ yín. Ẹ̀rọ ò mọ̀ mí rí. Bàbá Faridah ló ti mọ̀ mí láti ọdún mọ́kàndínlógún." Ó pa fóònù.

Àbúdù ti dìde, ó di igi ilẹ̀kùn mú.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ò bínú sí ẹ̀rọ," Adédiwúrà wí.