Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Lọ́wọ́ Ẹnì Kan Ṣoṣo

Gbogbo àdúgbò ló gbà pé Ìyá Atẹ̀wé ti dàgbà ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òun nìkan ni kò gbà. Mo wá bi í léèrè fún ìwé ìròyìn wa nípa iṣẹ́ ìwé títẹ̀ tó ń kú lọ, ó ní, "Iṣẹ́ wo ló ń kú?"

Yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ló ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lórí kọ̀ǹpútà tí ike ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó. Láìpẹ́ yìí, bó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná, á kú fin-ín. Bó bá tutù, á tún jí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti sọ ọ́ tán: bí ẹ̀rọ náà ò bá ṣeé tún ṣe, kí ìyá ti ṣọ́ọ̀bù, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

"Kí n wá máa ṣe kí ni?"

"Kí ẹ máa sinmi, Màámi."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?"

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà náà kì í kú lọ́dọ̀ Ẹ̀ńjíníà, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lódìkejì títì. Ó ti gbọn eruku inú rẹ̀ dànù, ó ti pààrọ̀ fáànù ẹ̀yìn rẹ̀, ó tàn án láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò kú. Wọ́n gbé e padà dé ọ̀dọ̀ ìyá, ó kú.

"Màmá, kọ̀ǹpútà yín ò lárùn kankan," Ẹ̀ńjíníà wí. "Bóyá ẹ̀ ń tẹ nǹkan tí kò yẹ kí ẹ tẹ̀ ni."

"Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń tẹ̀wé. Gbé e, ó di ọ̀dọ̀ rẹ. Lónìí, èmi náà ò ní kúrò níbẹ̀."

Mo bá wọn lọ. Ìyá jókòó síwájú tábìlì Ẹ̀ńjíníà, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò. Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi rí. Ìyá nawọ́ sí i.

"Kí ló dé tó fi dùbúlẹ̀?"

"Kí ló dùbúlẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà mi. Lọ́dọ̀ mi, ńṣe ló máa ń dúró."

Ẹ̀ńjíníà rẹ́rìn-ín. Ó ní kóun lè rí inú wọn lòun ṣe ń dá wọn dùbúlẹ̀, ìyẹn ò kan ooru. Èmi náà rò pé ìyá kàn ń wá ọ̀rọ̀ sọ ni. Síbẹ̀, mo ní ká gbé e dúró wò. A gbé e dúró. Kò pẹ́ tó fi kú. A tẹ́ ẹ padà, ó ṣiṣẹ́. Mo ní ká tún gbé e dúró lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ti ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì. Ó tún kú.

Ẹ̀rín Ẹ̀ńjíníà gbẹ. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ irin tó ń gba ooru kúrò lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ ike tó dè é mọ́lẹ̀ ti kán. Bí àpótí bá dùbúlẹ̀, irin náà á fi ìwúwo ara rẹ̀ jókòó lé ọpọlọ. Bó bá dúró, irin á yẹ̀, ooru ò sì ní rí ọ̀nà bá lọ.

"Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò ní irú ẹsẹ̀ yìí nílẹ̀, àmọ́ màá wá a."

"Máa wá a lọ. Á máa dùbúlẹ̀ ṣiṣẹ́ títí dìgbà náà."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú báàgì òfìfo méjì tó fẹ́ fi kó ẹrù ìyá rẹ̀, ìyá ti padà sí yàrá rẹ̀, ó ń tẹ̀wé lọ ní tiẹ̀.

"Màámi, ẹ̀rọ tí kò lè dúró mọ́ lẹ tún fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́?"

"Òun ni kò lè dúró. Èmi ṣì wà lórí ìdúró."

"Ó ṣì máa kú lọ́jọ́ kan."

"Lọ́jọ́ náà, màá ra òmíràn. Gba ìwé yìí, kà á sí mi létí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ ń kọ̀wé bí ìgbà tí adìyẹ tanlẹ̀."

Ọmọ náà ti báàgì sábẹ́ àga, ó gba ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

"Yára," ìyá rẹ̀ wí. "Èmi kì í ṣe aláìsàn rẹ."